Ọ́fíìsì Tí Kò Lo Pépà: Ọ̀rọ̀ Wo Ni A Ó Máa Fi Ṣiṣẹ́ Níbẹ̀?

0. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mu ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún ohun tuntun ní orúkọ ní èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ wo ohun náà nìkan. Ó gbọdọ̀ wo ilé tí orúkọ náà ń bọ̀ wá gbé, kí ó sì mọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti wà nínú ilé náà ṣáájú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó dára lójú ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ lè di ìdààmú fún àwọn tí yóò máa lò ó.

Èmi alára ti jẹ̀bi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ́fíìsì ìjọba kan bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn túmọ̀ ìkéde kan sí èdè Yorùbá. Ohun tí ìkéde náà sọ kò le: wọ́n fẹ́ ṣíwọ́ lílo pépà, kí wọ́n sì máa fi kọ̀ǹpútà ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn. Mo kọ ọ́ báyìí pé, 'Láti oṣù tí ń bọ̀, ọ́fíìsì yìí yóò di ọ́fíìsì aláìníwèé.' Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá àgbàlagbà kan tí ń tọ́jú yàrá fáìlì pè mí sí kọ̀rọ̀.

'Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ṣé àwa tí a kò níwèé ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ fún ni, àbí àwa gan-an ni wọ́n fẹ́ dá dúró?'

'Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá,' ni mo wí. 'Kò sí ẹni tí wọn yóò dá dúró nítorí ìwé. Pépà ni wọn kò ní lò mọ́.'

'Ẹ̀hẹ́n! Kí ni kò wá jẹ́ kí ẹ kọ pépà?'

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè bàbá yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ tí ẹ ń kà yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú rẹ̀ ni pé kí á yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún iṣẹ́ ọ́fíìsì láìlo pépà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí á wo bí ẹ̀rọ ti ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kí á sì dábàá ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣi ni lọ́nà nínú ìwé ìtàn lè pa ni lẹ́rìn-ín; èyí tí ó bá ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà nínú ọ́fíìsì lè gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fún un.

1. Ìwé, pépà àti àkọsílẹ̀

Ọ̀rọ̀ náà 'ìwé' ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ní èdè wa. Ohun tí à ń kọ nǹkan sí lára ń jẹ́ ìwé. Ohun tí a kọ ránṣẹ́ sí ènìyàn ń jẹ́ ìwé. Èyí tí a tẹ̀ tí a sì dì pọ̀ ń jẹ́ ìwé. Ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá ń jẹ́ ìwé, ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹnì kan 'mọ̀wé'. Ẹ̀rí ẹ̀kọ́ náà kò gbẹ́yìn: bí a bá ní ẹnì kan 'níwèé' lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀rí tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un ni a ń sọ. Nígbà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà lórí pépà, kò sí ìjà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá mú pépà kúrò, tí a sì fi ohun tí a kọ sílẹ̀, ìtumọ̀ márààrún yóò tú ká, ẹni tí ó bá ní 'a kò lo ìwé mọ́' yóò sì dàbí ẹni tí ó ní òun ti kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí á ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀. Èkíní ni pépà, èyí tí í ṣe ohun-èlò tí à ń kọ nǹkan sí tàbí tí à ń tẹ nǹkan sí. Àwọn àgbà mìíràn yóò fẹ́ tákàdá, ọ̀rọ̀ tí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wọ èdè wa. Kò burú, ṣùgbọ́n pépà ni ọmọ ilé-ìwé àti ará ọjà ń pè é lónìí, iṣẹ́ wa kì í sì í ṣe láti bá ẹnu àwọn ènìyàn jà. Èkejì ni ìwé, èyí tí a ó fi sílẹ̀ fún ohun tí a kọ, yálà ó wà lórí pépà tàbí lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta ni àkọsílẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé tí ọ́fíìsì ń tọ́jú láti fi jẹ́rìí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tàbí pé ẹnì kan pàṣẹ kan. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni ó jẹ́ àkọsílẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí àkọsílẹ̀ tí ọ́fíìsì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Bí a bá gba èyí, ọ́fíìsì tí à ń sọ kì í ṣe aláìníwèé rárá. Ọ́fíìsì aláìlo-pépà ni. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ni àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ.

2. Bí iṣẹ́ ti ń kúrò lórí pépà

Pépà kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bí ohun-èlò ìjọba àti ti ìròyìn. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Kò tíì tó igba ọdún láti ìgbà náà, síbẹ̀ a ti fi pépà ṣe òpó ìṣàkóso débi pé ẹni tí kò bá ní pépà lọ́wọ́ kò lè fi ìdí ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ múlẹ̀.

Àsọtẹ́lẹ̀ pé pépà yóò kúrò nínú ọ́fíìsì náà kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1975, ìwé ìròyìn Business Week ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ọ́fíìsì ọjọ́ iwájú. Níbẹ̀ ni George Pake, ẹni tí ó jẹ́ olórí ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox, ti sọ pé bí ó bá fi máa di ọdún 1995, ẹ̀rọ tí ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n yóò wà lórí tábìlì òun, òun yóò sì máa pe ìwé tí òun bá fẹ́ síta lójú rẹ̀. Apá kan àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n pépà kò yára lọ. Nínú ìwé tí Abigail Sellen àti Richard Harper kọ ní ọdún 2002 lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n fi hàn pé bí ilé-iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìméèlì, pépà tí wọ́n ń lò lè fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ ohun tí wọ́n bá gbà jáde kí wọ́n tó kà á. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ nìkan kò lè lé pépà lọ. Àṣà iṣẹ́ ni ó gbọdọ̀ yí padà.

Orílẹ̀-èdè Estonia jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí àwa onímọ̀ èdè wò dáadáa. Láti ọdún 2000 ni ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ibẹ̀ ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ìpàdé dípò pépà, ọdún náà gan-an ni wọ́n sì ṣe òfin ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ. Gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò tó mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Síbẹ̀, èdè tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwa tí a jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù kò lè wá sọ pé èdè wa kéré jù fún iṣẹ́ náà.

Ní Nàìjíríà pàápàá, ìyípadà náà ti dé. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé sí yunifásítì, nígbà tí ó sì di ọdún 2015 wọ́n pa lílo pépà tì pátápátá nínú rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, sọ ohun tí a gbọdọ̀ ṣe kí ilé-ẹjọ́ tó gba ìwé tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní ọdún 2023 sì mẹ́nu ba àkọsílẹ̀ àti ìfọwọ́sí orí ẹ̀rọ. Ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2021 sí 2025 fi gbígbé àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì sórí ẹ̀rọ ṣe ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 55, sì ti fi èdè Yorùbá sí ara àwọn èdè tí a lè fi ṣe iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bí ètò bá ti wà fún un. Ètò náà kò lè sí láìsí ọ̀rọ̀.

3. Òǹkà ni ẹ̀rọ ń tọ́jú

Àwọn kan ń pe ohun gbogbo tí ó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà ní 'ti ayélujára'. Èyí kò tọ̀nà. Fáìlì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ ibì kankan láyé kì í ṣe ti ayélujára, síbẹ̀ díjítà ni. Kí wá ni díjítà? Òun ni pé òǹkà ni ẹ̀rọ fi ń tọ́jú ohun gbogbo, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe àwòrán, ìbáà ṣe ohùn. Lẹ́tà 'A' ńlá ń jẹ́ 65 nínú ẹ̀rọ. Òǹkà yìí náà sì di àmì òdo àti ení ní àyè mẹ́jọ, báyìí: 01000001. Nítorí pé àyè mẹ́jọ ni ó wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjì, oríṣi 256 ni a lè rí.

Òǹkàwé tí ó bá mọ̀ nípa Ifá yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́. Odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́rin, àyè kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àmì kan tàbí méjì. Ìdí nìyí tí Odù fi jẹ́ 256. A kò sọ pé kọ̀ǹpútà ni Ifá o, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé inú Ifá ni wọ́n ti jí kọ̀ǹpútà kó. Ohun tí a ń sọ ni pé olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kò ní àwáwí pé kò sí ohun tí òun lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Àrokò náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ẹfà ni a wí, ìyẹn ni pé ọkàn ẹni fà mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ̀jọ ni, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Òǹkà ti ń gbé ọ̀rọ̀ láìlo pépà nílẹ̀ wa kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Nítorí ìdí yìí, mo dábàá oníòǹkà fún díjítà. Àkọsílẹ̀ oníòǹkà ni èyí tí a fi òǹkà tọ́jú, yálà ó wà lórí ayélujára tàbí kò sí níbẹ̀.

4. Àwòrán ìwé kò tíì di ìwé tí ẹ̀rọ lè kà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kọ́kọ́ ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ pa pépà tì ni pé wọ́n a kó fáìlì àtijọ́, wọ́n a sì fi ẹ̀rọ síkáànà ya wọ́n. Wọ́n a wá sọ pé 'a ti kó gbogbo ìwé wa wọ inú kọ̀ǹpútà'. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwòrán ìwé ni wọ́n kó wọlé. Lójú ẹ̀rọ, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwòrán lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àti àwòrán ewúrẹ́. Àwọn ẹ̀kán àwọ̀ tí a tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni méjèèjì. Bí ènìyàn bá ní kí ẹ̀rọ wá orúkọ kan nínú rẹ̀, kò lè rí i.

Kí ẹ̀rọ tó lè rí ọ̀rọ̀ nínú àwòrán, a gbọ́dọ̀ lo ètò mìíràn tí yóò wo ìrísí àwọn lẹ́tà, tí yóò sì sọ wọ́n di òǹkà ọ̀rọ̀. Mo dábàá ìfẹ̀rọkàwé fún èyí. Ẹni tí yóò lò ó fún Yorùbá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: ètò tí wọn kò kọ́ ní èdè wa a máa ka àmì ohùn sí ìdọ̀tí orí pépà, a sì máa fo àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Nítorí náà, ó yẹ kí ènìyàn tí ó gbọ́ èdè tún un kà. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá mọ̀ pé ohun méjì ni àwòrán ìwé àti ìfẹ̀rọkàwé, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò tíì parí nígbà tí ẹ̀rọ síkáànà bá dákẹ́.

5. Tọ́jú, jù sí àkìtàn, pa rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ fún ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní 'séèfù' ni 'fi pamọ́'. Ọ̀rọ̀ yìí kò burú, ṣùgbọ́n ó ní abẹ́ méjì. Owó tí a fi pamọ́ wà fún ọjọ́ iwájú. Ohun tí olè fi pamọ́ kò gbọdọ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì kò yẹ kí ó jọ ti ìkejì yìí. Mo fara mọ́ tọ́jú. Ẹni tí ó bá tọ́jú nǹkan mọ ibi tí ó wà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń tọ́jú nǹkan. Èyí bá ìṣe ẹ̀rọ mu. Ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ṣì ṣeé kà fún ẹni tí ó bá mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọ́jú ìwé sínú fílọ́pì ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ní láti wá ẹ̀rọ tí ó lè kà á kiri lónìí. Àkọsílẹ̀ oníòǹkà tí a kò bá ń gbé láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun yóò kú sọ́wọ́ ẹni tí ó rò pé òun ti fi í pamọ́.

Ní ti pípa àkọsílẹ̀ rẹ́, ìpele mẹ́ta ni ó wà, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè wọ́n. Ìpele kìíní ni jù sí àkìtàn: fáìlì náà ṣì wà, a sì lè lọ ṣà á padà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣa nǹkan ní àkìtàn. Ìpele kejì ni yọ kúrò: ẹ̀rọ pa orúkọ fáìlì náà rẹ́ nínú ìwé orúkọ rẹ̀, ó sì ka àyè rẹ̀ sí òfìfo, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà àwọn òǹkà inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí ohun mìíràn yóò fi gba orí wọn. Ìpele kẹta ni pa rẹ́ ráúráú, èyí tí í ṣe pé a mọ̀ọ́mọ̀ kọ nǹkan mìíràn lé e lórí tàbí kí a ba ohun tí ó gbé e jẹ́. Ọ́fíìsì tí ó bá ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìpele kejì ti ta àṣírí àwọn ènìyàn mọ́ ọn.

Fún 'bákọ́ọ̀pù', mo dábàá ẹ̀dà-ìṣúra. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ fi lélẹ̀ rọrùn láti há sórí: kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi ohun-èlò méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn tí iná tàbí omi kò lè bá gbogbo wọn pọ̀. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń lọ lójijì, ìlànà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù.

Ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ mí lóminú jù lọ ní abala yìí ni 'kíláòdù'. Àwọn olùtumọ̀ kan ti ń pè é ní 'sánmà' tàbí 'ìkùukùu'. Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń sọ kò sí lójú ọ̀run. Ilé ni ó wà, lórí ilẹ̀, ní orílẹ̀-èdè kan tí ó ní òfin tirẹ̀. Ẹ̀rọ kún inú rẹ̀, ó ń jẹ iná, ó sì ní ẹni tí ó ni ín. Bí a bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé inú sánmà ni àkọsílẹ̀ wà, kò ní bi wá pé ilẹ̀ ta ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ààbò ìsọfúnni ènìyàn tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ní ìlànà fún fífi ìsọfúnni ènìyàn ránṣẹ́ sí òkè òkun. Mo dábàá àká ọ̀nà-jíjìn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àká ní olówó, ó ní ilẹ̀kùn, ẹni tí ó bá sì kó iṣu sínú àká ẹlòmíràn yóò kọ́kọ́ bá a ṣe àdéhùn.

6. Ìfọwọ́sí, èdìdì àti ipasẹ̀

Nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì wa, fáìlì a máa rìn láti orí tábìlì kan dé òmíràn. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan a kọ èrò rẹ̀, a fọwọ́ sí i, a sì kọ déètì. Kí ni yóò rọ́pò ìfọwọ́sí bí kò bá sí pépà?

Àwọn kan a ya àwòrán ìfọwọ́sí wọn, wọ́n a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Àwòrán lásán ni èyí. Ẹni tí ó bá rí i lẹ́ẹ̀kan lè gé e lẹ̀ mọ́ lẹ́tà mìíràn. Ohun tí ó lágbára jù ú lọ wá láti inú ìmọ̀ ìṣirò. Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi èrò náà hàn ní ọdún 1976. Rivest, Shamir àti Adleman sì ṣe ọ̀nà kan tí ó ṣeé lò fún un ní ọdún 1977. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ìkejì jẹ́ ti gbangba. Ẹ̀rọ yóò fi gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà ṣe ìṣirò, yóò sì rí òǹkà kúkúrú kan; yóò wá fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti òǹkà náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kọ́kọ́rọ́ gbangba lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnì kan bá yí àmì ohùn kan ṣoṣo padà nínú ìwé náà, òǹkà rẹ̀ kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́, àṣírí yóò sì tú.

Ohun tí èyí ń ṣe ju ti ìfọwọ́sí lọ. Iṣẹ́ èdìdì ni. Èdìdì a máa sọ ẹni tí ó dì í, a sì máa fi hàn bí ẹnikẹ́ni bá ti já a. Nítorí náà, kí á pe àwòrán ọwọ́ ní àwòrán ìfọwọ́sí, kí á sì pe èyí ní èdìdì oníòǹkà. Ọ̀gá tí ó bá béèrè fún èdìdì kò ní gba àwòrán.

Ohun mìíràn tí ẹ̀rọ ní tí pépà kò ní tó bẹ́ẹ̀ ni ipasẹ̀. Ẹ̀rọ lè kọ orúkọ ẹni tí ó ṣí fáìlì, wákàtí tí ó ṣí i àti ohun tí ó yí padà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi wọlé nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Bí ọ̀gá bá fún akọ̀wé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kí ó lè bá a ṣiṣẹ́, ipasẹ̀ ọ̀gá ni akọ̀wé ń tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé-ẹjọ́, ọ̀gá ni yóò ròjọ́.

7. Orúkọ tí ẹ̀rọ kò mọ̀

Mo ti sọ pé mo padà sí ọ́fíìsì tí mo mẹ́nu bà. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò bọ́ sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ní kò sí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ìyá náà dìde, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

Bàbá yàrá fáìlì ni ó dá a padà. 'Ìyá, ẹ jókòó ná. Fáìlì yín kò sọnù. Bí wọ́n ti kọ orúkọ yín sínú ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ kò fi mọ̀ yín.' Ó wọ inú yàrá níbi tí wọ́n kó àwọn pépà àtijọ́ sí, kò sì pẹ́ tí ó fi gbé fáìlì náà jáde.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á fi Ṣọlá ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan lè kọ ọ́ ní Sola, ẹlòmíràn ní Shola, ẹ̀kẹta ní Ṣọlá. Ojú ènìyàn rí i pé orúkọ kan náà ni wọ́n. Òǹkà ni ẹ̀rọ ń wò, òǹkà wọn kò sì dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọ àmì ASCII tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ní àyè 128 péré. Kò sí ẹ, ọ àti ṣ nínú rẹ̀. Nígbà tí Unicode dé ní ọdún 1991, ọ̀nà là díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo èdè. Lónìí, ọ lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o tí a fi àmì tótó sí lábẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn onílànà Unicode ka méjèèjì sí ohun kan náà, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò kà wọ́n sí méjì. Bí ẹnì kan bá wá lo igi kékeré lábẹ́ lẹ́tà dípò tótó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ti ń ṣe, àmì mìíràn pátápátá ni lójú Unicode. Ẹ tún wo èyí: ọ àti ẹ wà gẹ́gẹ́ bí àmì kan ṣoṣo lára àwọn lẹ́tà tí wọ́n tò fún èdè Vietnam, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀, tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn pọ̀, kò ní àmì kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tiwọn. Dandan ni kí a to wọ́n pọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ọ́fíìsì ṣe kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n yan ọ̀nà ìkọ̀wé kan, tótó tàbí igi, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa lò ó. Kí wọ́n ní kí ẹni tí ó ń ṣe ètò ìṣàwárí fún wọn sọ gbogbo oríṣi àkọtọ́ di ọ̀kan kí ẹ̀rọ tó wá orúkọ. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ lè fi 'Sola' rí 'Ṣọlá', láì pa àmì orúkọ náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Òjó kì í ṣe Ọjọ́. Bí a bá yọ àmì kúrò lára àwọn méjèèjì láti mú kí iṣẹ́ rọrùn fún ẹ̀rọ, a ti sọ ènìyàn méjì di ẹyọ kan, ẹnì kan nínú wọn yóò sì gba ìyà rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí ó jáde ní ọdún 1984, gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ti tó irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí yóò dáwọ́ lé e ni pé kí ó kọ́kọ́ béèrè bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, kí ó tó béèrè ohun tí Òyìnbó ń pè é. Sánmà àti ọ́fíìsì aláìníwèé jẹ́ ọmọ ìtumọ̀ tí ó wo ọ̀rọ̀, tí kò wo ohun tí ọ̀rọ̀ dúró fún.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí, kí àwọn olùkọ́ àti olùtumọ̀ lè yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá dára jù rọ́pò wọn:

Pépà: ohun-èlò tí à ń kọ nǹkan sí.
Àkọsílẹ̀: ìwé tí ọ́fíìsì ń tọ́jú fún ẹ̀rí.
Oníòǹkà: ohun tí ẹ̀rọ fi òǹkà tọ́jú.
Àwòrán ìwé: ohun tí ẹ̀rọ síkáànà ń mú jáde.
Ìfẹ̀rọkàwé: sísọ àwòrán ìwé di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè wá.
Tọ́jú: fífi àkọsílẹ̀ sí ibi tí a ó ti rí i.
Jù sí àkìtàn, yọ kúrò, pa rẹ́ ráúráú: ìpele mẹ́ta ìmúkúrò.
Ẹ̀dà-ìṣúra: ẹ̀dà tí a tọ́jú nítorí ọjọ́ burúkú.
Àká ọ̀nà-jíjìn: ilé ẹ̀rọ ẹlòmíràn tí a kó àkọsílẹ̀ sí.
Èdìdì oníòǹkà: ìṣirò tí ń fi ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé hàn àti bóyá ìwé náà yí padà.
Ipasẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹni tí ó fọwọ́ kan fáìlì àti ìgbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.
Ọ̀rọ̀ aṣínà: ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ènìyàn fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbà lọ́jọ́ náà, nítorí pé pépà ṣì wà, àti nítorí pé bàbá tí ó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀. Bàbá náà yóò fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì kó àwọn pépà náà dànù. Kí ọjọ́ náà tó dé, ó yẹ kí á ti kọ́ ẹ̀rọ ní orúkọ wa, kí á sì ti kọ́ ara wa ní orúkọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe. Ìkéde ara ògiri yẹn ńkọ́? Mo ti yọ ọ́ kúrò, mo sì tún un kọ: 'Láti oṣù tí ń bọ̀, a kò ní lo pépà mọ́ ní ọ́fíìsì yìí. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.' Bàbá kà á, ó ní, 'Èyí yé mi.'